Ìbínú gẹ́gẹ́ bí Ọnà: Àgbéyẹ̀wò Àwo Orin Dzikkuh ti Ẹgbẹ́ Arka'n Asrafokor

Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá gba Agbowó kọjá ní ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́, láti ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn títí dé ojú ọ̀nà tí ó lọ sí Bódìjà, kò ní ṣàìmọ̀ pé ìlú aláriwo ni Ìbàdàn. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn àwọn tí ń ta orin ń ké, jẹnẹrétọ̀ ń ké, àwọn ọmọ ọkọ̀ ń pe Dùgbẹ̀ àti Challenge, oníwàásù kan sì lè wà lábẹ́ agboòrùn tí òun náà ń ké sí àwọn èrò pé kí wọ́n ronú pìwà dà. Kò sí ẹni tí ó ń pe èyíkéyìí nínú wọn ní ohun àjèjì. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ṣèèṣì yọ okùn fóònù kúrò ní etí, tí orin metal tí ó ń gbọ́ sì bú jáde síta, àwọn tí ó wà nítòsí yóò bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fi kan irú orin bẹ́ẹ̀: pé ariwo lásán ni, pé orin òyìnbó ni, pé orin èṣù ni.

Iṣẹ́ yìí gbé ẹ̀sùn mẹ́ta náà yẹ̀ wò nípasẹ̀ àwo orin kan ṣoṣo, èyí ni Dzikkuh, tí ẹgbẹ́ olórin Arka'n Asrafokor láti ìlú Lomé, olú-ìlú Tógò, gbé jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Kì í ṣe èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́. Èdè Ewe, èdè Faransé àti èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà nínú rẹ̀. Ìdí tí ó fi tọ́ kí olùkọ́ èdè Yorùbá fetí sí i ni pé ìṣòro tí àwo náà dojú kọ, ìṣòro Yorùbá gan-an ni. Ǹjẹ́ èdè olóhùn lè gba inú ariwo ńlá kọjá kí ó má sọ ìtumọ̀ rẹ̀ nù? Àwọn ọmọ tí ó ń kọrin tuntun ní ìlú ńláńlá sábà máa ń dáhùn pé kò lè ṣeé ṣe, wọn a sì sá lọ sínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ Lomé gbà pé ó ṣeé ṣe, àwo yìí sì ni ẹ̀rí wọn.

Orin Irin

Irin ni metal, orúkọ náà kò sì jìnnà sí òtítọ́ ibi tí orin náà ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1970 ni ẹgbẹ́ Black Sabbath gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde. Birmingham ni ìlú wọn, ìlú tí ó lókìkí fún iṣẹ́ irin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tony Iommi tí ó ń ta gìtá fún wọn ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ irin rí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tí ẹ̀rọ gé ṣóńṣó ìka méjì ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọwọ́ tí ó fi ń tẹ okùn gìtá. Kò jáwọ́. Ó fi ike ṣe orí ìka fún ara rẹ̀, nígbà tí ó sì yá, ó dẹ okùn gìtá náà kí ó lè rọrùn láti tẹ̀. Okùn tí ó dẹ̀ ni ó fa ohùn gìtá náà wálẹ̀, tí ó sì wúwo bí òkúta ọlọ. Ìwúwo yìí ni gbogbo àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn jogún.

Ọmọ Yorùbá tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí kò nílò ògbufọ̀. Irin mu ẹ̀jẹ̀ ọmọkùnrin kan, orin sì ti ojú ọgbẹ́ náà jáde. Bí wọ́n bá sọ ọ́ fún oníjàálá, yóò mọ ẹni tí ó ni iṣẹ́ náà kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀. Ògún kò fi ibì kan ṣe tirẹ̀. Àwọn Fọn ń pè é ní Gu, àwọn ará Birmingham kò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti jẹun.

Orin náà ń le sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1987 tí ẹgbẹ́ Death láti Florida ní Amẹ́ríkà gbé àwo Scream Bloody Gore jáde, akọrin kì í kọrin mọ́ ní ọ̀nà tí gbogbo ayé mọ̀. Ó ń bú ramúramù bíi kìnnìún ni. Ẹ̀ka tí ó le jù nínú orin metal ni èyí, òun ni ó sì bí ohùn tí ó wà nínú Dzikkuh. Ó di ọdún 1996 kí ẹgbẹ́ Sepultura láti Bràsíl tó fi àwo Roots hàn pé ìlù ìbílẹ̀ lè wọ inú orin náà láìjẹ́ ẹ̀ṣọ́ lásán: wọ́n bá àwọn Xavante inú igbó kọrin, wọ́n sì pe Carlinhos Brown, ọmọ Bahia, sí ìdí ìlù. Bahia yìí, ibi tí àwọn ọmọ Yorùbá gbé òrìṣà lọ ni. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn ọmọ Botswana ti ní ẹgbẹ́ bíi Wrust, Skinflint àti Overthrust. Nítorí náà, ẹ̀sùn pé orin òyìnbó ni kò lè dúró tipẹ́. Gìtá jùjú náà ti òkèèrè wá, kò sì sí ẹni tí ó ń pe jùjú ní orin òyìnbó mọ́.

Ẹgbẹ́ náà àti Èdè Wọn

Rock Ahavi, tí ó ń kọrin tí ó sì ń ta gìtá, ni aṣáájú ẹgbẹ́ Arka'n Asrafokor. Asrafo túmọ̀ sí jagunjagun ní èdè Ewe. Àwo wọn tí ó ṣáájú, Zã Keli, jáde ní ọdún 2019. Òru àti ọ̀sán ni orúkọ náà túmọ̀ sí. Dzikkuh ni wọ́n gbé tẹ̀ lé e, ilé-iṣẹ́ Reigning Phoenix Music ni ó sì bá wọn gbé e jáde fún gbogbo àgbáyé.

Dzikkuh túmọ̀ sí ìbínú. Dziku ni wọ́n ń kọ ọ́ ní àkọtọ́ Ewe tí ó wọ́pọ̀. Dzi ni ọkàn ní èdè náà, bí ọ̀rọ̀ náà bá sì ti kan onímọ̀ ẹ̀dá-ọ̀rọ̀ Yorùbá létí, yóò rántí pé ìbínú náà ní inú nínú: inú ni ó bí. Èdè méjèèjì gbà pé ìbínú kì í ṣe ohun tí ó wà lójú tàbí lẹ́nu. Ìsàlẹ̀ ni ó ń gbé. Àkíyèsí kékeré ni, àmọ́ ó ṣí ilẹ̀kùn àwo náà, nítorí ohùn tí ó ń ti ìsàlẹ̀ ikùn jáde ni ohùn tí akọrin yàn láti fi sọ ọ̀rọ̀ tí orúkọ àwo náà dá.

Ìbátan àwọn Ewe àti Yorùbá kò pin síbẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn Ewe sọ pé láti Kétu ni wọ́n ti ṣí, kí wọ́n tó dé Tado, tí wọ́n sì dé Notsé, níbi tí wọ́n ti fọ́n ká gúúsù Tógò àti ìlà-oòrùn Gánà. Kétu yìí kan náà ni ìlú Alákétu, ọ̀kan lára àwọn ìlú tí ó ń ka ara wọn sí ọmọ Odùduwà, èyí tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Bí òpìtàn kan tilẹ̀ fẹ́ jiyàn lórí ìrìn-àjò náà, ẹ̀rí tí ó wà nínú ẹ̀sìn kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: Afa ni wọ́n ń pe Ifá, Hevieso tí ó ń sán ààrá sì ń ṣe iṣẹ́ Ṣàngó láàárín wọn. Olùgbọ́ tí ó jẹ́ Yorùbá lè má gbọ́ èdè Ewe rárá, síbẹ̀ kì í ṣe àlejò pátápátá nínú ilé náà.

Ohùn Ramúramù àti Ohùn Ọ̀rọ̀

Ibi tí ọ̀rọ̀ gbé dùn jù fún onímọ̀ èdè rèé. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní tí ó ti ka fònẹ́tíìkì mọ̀ pé tán-án-ná ni ó ń gbọ̀n nígbà tí ènìyàn bá ń fọhùn. Bí ó bá gbọ̀n kíákíá, ohùn á lọ sókè. Bí kò bá yára, ohùn á wálẹ̀. Lórí ìgbọ̀n yìí ni ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ dúró lé. Akọrin tí ó bá ń bú ramúramù ń ṣe ohun mìíràn kún un: ẹran tí ó wà lókè tán-án-ná, èyí tí wọ́n lè pè ní ayédèrú tán-án-ná, ni ó ń mú gbọ̀n, ìgbọ̀n náà kì í sì í lọ déédéé. Ìró kọ́ńsónáǹtì ṣì máa ń hàn, fáwẹ̀lì a máa hàn díẹ̀. Ohùn ni ó máa ń rá mọ́ ariwo.

Àdánù yìí kò tó nǹkan fún ọmọ Birmingham, nítorí Gẹ̀ẹ́sì kì í fi ohùn ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ sí èkejì. Fún Yorùbá, àdánù ńlá ni. Ẹni tí ó bá bú igba, igbá, igbà àti ìgbà ní ohùn ramúramù, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò máa dún létí olùgbọ́. Èdè olóhùn ni Ewe náà. Bí Ahavi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá kàn gbé ọ̀nà àwọn ará Florida wọ inú èdè ìyá wọn bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò kú sí wọn lẹ́nu. Ọ̀nà tí wọ́n gbà yẹra fún ikú yìí ni ó sọ àwo náà di iṣẹ́ ọnà.

Wọ́n pín iṣẹ́. Ohùn ramúramù kì í dá ru ẹrù orin. Ó máa ń lé, àwọn elégbè a sì gbè é ní ohùn gbangba, ọ̀pọ̀ ènìyàn pa pọ̀, bí ìgbà tí àwọn ọmọ ogun bá ń wọ̀lú. Ibi tí ọ̀rọ̀ gbọdọ̀ ti yé ènìyàn, ohùn gbangba ni ó ń gbé e; ibi tí ó ti jẹ́ pé bí ọ̀rọ̀ ti rí lára ni ó ṣe pàtàkì ju ìtumọ̀ rẹ̀ lọ, ramúramù ni ó ń sọ ọ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, akọrin á já ọ̀rọ̀ lé orí ìlù ní wàrà-wàrà bíi ti àwọn ọmọ ìgboro tí ń ṣe ráàpù. Lílé àti gbígbè kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó wà nílé ni wọ́n mú jáde.

Yorùbá ti mọ ọgbọ́n pípín iṣẹ́ yìí tipẹ́. Ará ọ̀run kì í fi ohùn ará ayé sọ̀rọ̀. Ohùn egúngún máa ń ha, ìtàn kan sì so ohùn náà mọ́ ìjìmèrè. Bí ó bá sọ̀rọ̀ tán, atọ́kùn ni yóò tún un sọ fún àwọn tí kò gbọ́. Kò sí ẹni tí ó ti sọ rí pé nítorí pé ohùn egúngún ha, kò ní ìtumọ̀. Ní ìdàkejì, híha náà ni ìtumọ̀ àkọ́kọ́: ó ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé kì í ṣe ọmọ lágbájá ni ó ń sọ̀rọ̀. Ará Ìbàdàn mọ èyí dáadáa. Kí Olóòlù tó yọ ní ìkóríta ni ìró ti ń lé àwọn obìnrin wọlé, kò sì sí ẹni tí ó ń dúró gbọ́ àlàyé. Agan tilẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Ohùn nìkan ni, ojú kì í rí i.

Bàtá tún fi ọ̀nà kejì hàn. Dùndún ń sọ̀rọ̀ ketekete, bàtá ń kólòlò. Ọmọ Àyàn tí ó mọ ẹnà bàtá ni yóò gbọ́ ohun tí ó wí. Etí tí kò kọ́ ọ, ariwo líle nìkan ni yóò bá níbẹ̀. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ tí yóò sọ pé bàtá kò mọ̀ ju ariwo lọ. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ bàtá Ṣàngó rí, tí ó sì pe Dzikkuh ní ariwo lásán, etí rẹ̀ ni kò rántí ohun tí ó ti mọ̀.

Ìlù tí ó Bo Odi

Ẹgbẹ́ ìlù Ewe kò ṣòro fún Yorùbá láti mọ̀. Gankogui ni agogo olórí méjì tí alágbẹ̀dẹ rọ. Axatse ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni kagan, kidi àti sogo, atsimevu sì ni ìyá ìlù tí ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń gbé e ti igi kí wọ́n tó lè lù ú. Ìlù méje tí agogo máa ń lù nínú ijó Agbadza kò yàtọ̀ sí kónkóló tí ọmọ Yorùbá ń pàtẹ́wọ́ sí láti kékeré. Irú ìró ìbílẹ̀ báyìí ni ẹgbẹ́ náà gbé wọ inú orin irin, tí ìlù Ewe àti ìlù òyìnbó sì jọ ń rìn. Kì í ṣe pé wọ́n fi ìlù ìbílẹ̀ ṣí orin, kí wọ́n sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí gìtá bá dé, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ olórin ti máa ń ṣe. Níbi tí orin náà ti dára jù, gìtá gan-an ni ó ń jó sí ìlù. Ó ń gé ohùn rẹ̀ sí kéékèèké láti bá ẹsẹ̀ ijó mu, orí sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì kí ènìyàn tó pinnu bóyá òun fẹ́ràn ohun tí òun ń gbọ́.

Ìtàn kan wà tí gbogbo ọmọ Ewe mọ̀, tí ó tan ìmọ́lẹ̀ sí èyí ju àlàyé nípa orin lọ. Ní Notsé, ọba kan tí ń jẹ́ Agokoli ni wọ́n lára. Odi gàǹgà yí ìlú ká, kò sì sí ọ̀nà àtijáde. Ìtàn sọ pé àwọn obìnrin ń da omi ìfọṣọ àti omi ìfọwo sí ojú kan lára odi náà lójoojúmọ́ títí tí amọ̀ fi rọ̀. Ní òru ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, wọ́n lu ìlù kíkankíkan kí etí ọba má baà gbọ́ bí wọ́n ti ń gún odi. Wọ́n jáde, àwọn tí ó kẹ́yìn sì fi ẹ̀yìn rìn kí ipasẹ̀ wọn lè dà bí ti ẹni tí ń wọlé. Ìrántí ìjáde yìí ni àwọn ará Anlo ní Gánà ń ṣe nínú ọdún Hogbetsotso.

Bí ìtàn yìí bá ti wà lọ́kàn, ojú tí olùgbọ́ fi ń wo ariwo inú Dzikkuh yóò yí padà. Fún ìran tí ìlù kíkan bo àṣírí òmìnira rẹ̀, ariwo kì í ṣe òdìkejì ìtumọ̀. Ìbòrí ìtumọ̀ ni. Lábẹ́ ìlù ni wọ́n ti ń gún odi. Kò pọn dandan kí ẹgbẹ́ náà ní Notsé lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe àwo wọn; irú ìtàn bẹ́ẹ̀ máa ń wà nínú ọwọ́ onílù kí ó tó wà lórí ahọ́n rẹ̀.

Ìbínú sí Ta Ni?

Àwọn Yorùbá kì í yin ìbínú. Sùúrù ni baba ìwà, gbogbo ọmọdé ni wọ́n sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún. Síbẹ̀ àṣà kan náà ni ó ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún ẹnu líle. Nínú oṣù Kẹta, bí Ìbàdàn bá ń ṣe ọdún Òkèbàdàn, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kò gbọdọ̀ sọ níwájú àgbà ní ọjọ́ mìíràn ni wọ́n ń fi kọrin ní títì, ọdún á sì kọjá, gbogbo ènìyàn á padà sí ìwà ọmọlúàbí. Ìbínú tí ó ní ààlà ni, ààlà náà ni ó sì sọ ọ́ di ọnà.

Nínú orin tí wọ́n ń tà lórí àwo, ìbínú Yorùbá sábà máa ń ní orúkọ ẹni tí ó ń bá wí. Àyìnlá Ọmọwúrà fi àpàlà na àwọn abínúkú rẹ̀ títí di ìgbà tí ó kú ní ọdún 1980. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn olólùfẹ́ fújì mọ ìjà tí ó wà láàárín Síkírù Àyìndé Barrister àti Kollington Àyìnlá. Àwo ń fèsì àwo, àwọn olùgbọ́ sì ń gbè sẹ́yìn ẹni tí wọ́n fẹ́. Barrister yìí ni ó sọ àwo rẹ̀ ti ọdún 1988 ní Fuji Garbage, ìyẹn fújì ààtàn, bí ẹni pé ó ti gbọ́ ohun tí àwọn ẹlẹ́gàn yóò sọ kí wọ́n tó sọ ọ́.

Ìbínú inú Dzikkuh kò ní irú orúkọ ẹni bẹ́ẹ̀. Nínú Not Getting in Line, kíkọ̀ ni ó wà: ẹni tí wọ́n ní kí ó tò sórí ìlà kọ̀, kò tò. Walk With Us ń ké pe ènìyàn pé kí ó wá bá ẹgbẹ́ rìn, ibẹ̀ sì ni ohùn elégbè ti lágbára jù, nítorí kò sí bí ẹnì kan ṣoṣo ṣe lè fi ohùn kan pe èrò. Angry God of Earth ni òpó àárín. Òrìṣà ilẹ̀ tí inú ń bí ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí. Ó ṣòro kí ọmọ Yorùbá gbọ́ orúkọ yìí kí ó má rántí Ilẹ̀gbóná, ẹni tí àwọn Fọn ń pè ní Sakpata, tí wọ́n sì gbà pé òun ni ó ni ilẹ̀. Ṣọ̀pọ̀nnọ́ kì í bínú lásán. Bí ó bá ti jáde, ẹnì kan ti da ilẹ̀ ni. Nínú orin yìí, ramúramù rí àyè rẹ̀ pátápátá, nítorí kì í ṣe ènìyàn ni ó yẹ kí ó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí akọrin bá fi ohùn dídùn kọ ọ́, irọ́ ni yóò jẹ́.

Ẹ̀sùn ti èṣù kò gba ààyè púpọ̀. Láti ìgbà tí Bíbélì Yorùbá ti lo orúkọ Èṣù fún Sátánì ni gbogbo ohun tí ó bani lẹ́rù ti di tirẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn olórin metal kan ní Yúróòpù fẹ́ràn láti máa fi Sátánì dẹ́rù bani, ìjà wọn pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì baba wọn ni. Àwọn ará Lomé kò sí nínú ìjà yẹn. Àwọn baba ńlá tiwọn ni wọ́n kọjú sí, ẹni tí ó bá sì ní wàhálà pẹ̀lú ìyẹn, kì í ṣe gìtá ni ó yẹ kí ó bá wí.

Ibi tí Àwo náà Ti Kù Díẹ̀ Káàtó

Ìfẹ́ sí iṣẹ́ kan kò gbọdọ̀ di olùgbọ́ létí. Orúkọ àwo náà jẹ́ Ewe, ṣùgbọ́n orúkọ orin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí iṣẹ́ yìí ti mẹ́nu bà, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó yé ènìyàn pé ọjà àgbáyé ni wọ́n ń wò. Àmọ́ ìyàtọ̀ hàn sí etí tí ó bá fara balẹ̀. Bí ẹgbẹ́ náà bá wà nínú Gẹ̀ẹ́sì, ramúramù wọn kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ẹgbẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún mìíràn, nítorí èdè náà kò fi ìṣòro kankan síwájú wọn. Bí wọ́n bá padà sí Ewe, wọ́n ní láti wá ọgbọ́n, ọgbọ́n náà ni ó sì ń mú orin wọn dá yàtọ̀. Èdè tí ó ṣòro láti bú ni ó ń mú wọn kọrin dáadáa.

Àwọn ibì kan náà wà tí gìtá ti gorí ìlù, tí àwọn ìlù kéékèèké fi rì. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó tóbi ni ó yẹ wọ́n. Lórí fóònù lásán, ìró òkè nìkan ni ó ń dé etí, ọ̀pọ̀ ọmọ Agbowó sì jẹ́ pé fóònù ni wọ́n ní.

Nínú Kíláàsì

Olùkọ́ tí ó ń kọ́ni ní àmì ohùn mọ bí iṣẹ́ náà ti máa ń gbẹ. Àwọn ọmọ á ka dò, re, mí títí, kò sì ní hàn sí wọn pé ohun tí wọ́n ń kà ni ó gbé èdè ró. Àwo bíi Dzikkuh lè ràn án lọ́wọ́, kódà kí ó má lò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ nínú rẹ̀. Kí ó jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ibi tí ohùn ramúramù ti ń lé, kí ó sì bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀ níbẹ̀. Kí ó tún jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ibi tí elégbè ti gbè é, kí ó sì bi wọ́n léèrè bákan náà. Wọn kò nílò láti gbọ́ Ewe kí wọ́n tó lè dáhùn.

Lẹ́yìn èyí ni kí iṣẹ́ wá kan Yorùbá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ láìjẹ́ kí àwọn yòókù rí i, kí ó sì bú u ní ohùn ramúramù, kí wọ́n gbìyànjú láti kọ ohun tí wọ́n gbọ́ pẹ̀lú àmì ohùn. Àṣìṣe yóò pọ̀, ẹ̀rín náà yóò sì pọ̀. Kí ó tún un bú, ṣùgbọ́n ní ìgbà kejì, kí ẹnì kan máa fi dùndún sọ gbólóhùn kan náà lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí ohùn ènìyàn sọ nù, awọ yóò dá a padà, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò sì rí i kọ. Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ lè wá sọ̀rọ̀ nípa atọ́kùn, nípa ẹnà bàtá, àti nípa odi Notsé. Ó yẹ kí ó ti sọ fún olùkọ́ tí ó wà ní kíláàsì kejì tẹ́lẹ̀, nítorí ẹjọ́ yóò dé ọ́fíìsì kí ẹ̀kọ́ náà tó parí.